Ohun Tí Àlùhájà Fẹ́ Sọ fún Àna Rẹ̀ ní Sípéènì

Èdè Faransé ni mo kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n èdè Sípéènì tí mo kọ́ mọ́ ọn ni mo fi ń jẹun ní Ìdó-Èkìtì. Àwọn tó fẹ́ lọ bá èèyàn wọn lọ́hùn-ún ló ń wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni bí èèyàn ṣe ń dárúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Obìnrin Nàìjíríà á ní "Soy nigeriana", ọkùnrin á ní "Soy nigeriano". "Nigerino" ni tàwọn ará orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ẹ̀, ilẹ̀ ràkúnmí tó wà ní òkè wa. Mo ti fi ìkánjú sọ nọ́ọ̀sì kan di ará Nìjẹ̀ẹ̀ rí. Títí dòní, "Tíṣà oníràkúnmí" ló ń pè mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Àlùhájà Sídíkátù, tó ń ta iṣu ní Ìrèlè, wọlé dé. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ráliátù, ti fẹ́ ará Sípéènì fún ọdún méjì, ìyá kò sì tíì ṣàdúrà fún wọn. Kì í ṣe ìbínú o. Ó lóun ò mọ irú èèyàn tí ọmọ òun bọ́ sí lọ́wọ́. Ìyá ọkọ máa pè é lórí fóònù ní Sátidé, Àlùhájà sì ní ẹnu ara òun lòun máa fi sọ ẹni tóun jẹ́, òun ò fẹ́ ògbufọ̀.

"Ẹ sọ pé 'Soy nigeriana', mà."

"Ó parí náà nìyẹn?"

"Ó parí, mà."

"Tíṣà, olè náà ọmọ Nàìjíríà ni. Ta ló ń fọmọ fún 'ọmọ Nàìjíríà' lásán? Ulé baba mi ni kí o kọ́ mi."

Inú bí mi. Mo ní ta ló máa mọ ilé baba rẹ̀ ní Ìrèlè láti Sípéènì?

"Ta ló mọ Sípéènì ní Ìrèlè kí ọmọ mi tó lọ?"

Mo kọ orúkọ Ìrèlè àti ti baba rẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi kọ́ ọ.

Ní Sátidé, ó jókòó síwájú fóònù mi, ó tún ìbòrí rẹ̀ wé. Obìnrin olórí funfun kan yọjú lójú fóònù, Ráliátù dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àlùhájà ní "Soy nigeriana", ó mí kanlẹ̀, ó wá dárúkọ Ìrèlè, ó dárúkọ baba rẹ̀, ó ní àgbẹ̀ ni.

Obìnrin náà gbọ́wọ́ lé àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá. Àlùhájà wò mí. Wàyí o, ó wá fẹ́ ògbufọ̀.

Mo ní, "Abúlé kékeré kan ló ti wá, mà. Baba tiẹ̀ náà, àgbẹ̀ ni. Ilé baba rẹ̀ tí wọ́n bí i sí gan-an ni Ráliátù ń gbé."

"Háà! Ó mọ ulé baba rẹ̀!" Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkàn mi balẹ̀."

Ó tẹ́wọ́ méjèèjì, ó ní "Bísímílà", ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà lédè wa. Mo fẹ́ máa túmọ̀, ó fọwọ́ pa mí lẹ́nu mọ́. Kó tó dé "Àmín" àkọ́kọ́, Ráliátù ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn ìyá ọkọ rẹ̀.