Àlàfo Àárín Ìbejì

Ìsẹ́yìn ni Mọ́nsúrù wà báyìí, wọ́n ní ọkọ̀ ló ń wà. Wọ́n ní kò sí kámẹ́rà kankan nílé rẹ̀, bí wọ́n bá sì pè é síbi ìnáwó, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí kí ayàwòrán má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Onídìrí ni mí, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti tirẹ̀ ní Ìkòsí, mo sì mọ ohun tó lé e kúrò nídìí iṣẹ́ fọ́tò. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn lọ bi í.

Onígbèéraga ni Mọ́nsúrù, ṣùgbọ́n lórí iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni o. Bó bá di ti oúnjẹ àti aṣọ, ohun tó bá rí ló máa fi ṣe. Àmọ́ kí fọ́tò tí kò mọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Láéláé. Ńṣe ló máa ń fà á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, á ní, “Aunty Ládé, orúkọ mi ló wà lẹ́yìn ẹ̀.” Àwọn tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun fún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yà sí kí irun náà tó bàjẹ́. Bí a ṣe ń ran ara wa lọ́wọ́ nìyẹn.

Kámẹ́rà onífíìmù ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ìyẹn, ọwọ́ ara ẹni lèèyàn fi ń yí ẹnu lẹ́ńsì títí ojú ẹni tó fẹ́ yà yóò fi hàn kedere. Ohun tí wọ́n ń pè ní fókọ́ọ̀sì nìyẹn. Nígbà tó di bí ọdún 2006, tí gbogbo ayé ń pariwo dígítà, dígítà, òun náà ra tokunbọ̀ kan. Eléyìí ń ṣe fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. O ò ní yí nǹkan kan. Wàá tẹ bọ́tìnì, á kùn díẹ̀, ó parí. Inú Mọ́nsúrù dùn ṣìnkìn, ó ní ìyà ti tán.

Ìyà ò tán. Bí ẹnì kan bá jókòó síwájú kámẹ́rà náà, fọ́tò á mọ́ gaara. Bó bá ti di méjì, ìbáà ṣe tọkọtaya, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́ méjì, ojú wọn á ṣú wúrúwúrú bí ẹni tó dúró sínú èéfín. Gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, tí wọ́n ti ń wo fọ́tò, kò sì fi í hàn. Níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Ó di ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ọjọ́tà kó tó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́.

Àwọn oníbàárà ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi. “Ẹ dúró jẹ́ẹ́! Ẹ má mí!” Màá wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, màá máa gbọ́ igbe rẹ̀ bíi pé ó ń na èèyàn. Lẹ́yìn náà ó dá lẹ́ńsì lẹ́bi, ó fi òwú àti sípírítì nù ún, ó nù ún, kò yí padà. Ó gbé e lọ fún ọkùnrin kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe. Ìyẹn tú u, ó dè é padà, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Mọ́nsúrù ní ọkùnrin náà ò mọ nǹkan kan.

Àárín wàhálà yìí ni Sẹ̀kínát kó àwọn ìbejì rẹ̀ dé. Ajégúnlẹ̀ létí odò ló ń gbé, ó sì máa ń bá wọn ṣa tòmátì ní Mile 12. Ọmọbìnrin ni àwọn ìbejì náà, Táyé àti Kẹ́hìndé, wọn kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Èmi tí mo dirun fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ń ṣì wọ́n pè.

Sẹ̀kínát ní, “Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìkan bo ìkejì o. Dọ́gba-dọ́gba ni mo fẹ́ wọn.”

“Ìyá Ìbejì, ṣé èmi lẹ fẹ́ kọ́ nìyẹn?” ni Mọ́nsúrù dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ náà nìyẹn. Wọn kì í fi ọ̀kan nínú ìbejì síwájú èkejì, èjìká ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ bo ti èkejì. Ó gbé àpótí ìjókòó méjì tó dọ́gba kalẹ̀, ó fi àyè sáàárín wọn, ó gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan lé tirẹ̀. Kẹ́hìndé ń ju ẹsẹ̀. Ó yà wọ́n.

Nígbà tí fọ́tò náà dé láti Ọjọ́tà, ó mú un wá hàn mí. Aṣọ tó ta sẹ́yìn wọn, èyí tí wọ́n kun òdòdó sí, hàn débi pé o lè ka ewé òdòdó náà níkọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ni kò hàn. Kí n tó la ẹnu, ó ti fà á ya. Ó pa á rẹ́ nínú kámẹ́rà pẹ̀lú, torí kádì ìgbà yẹn kì í gba nǹkan púpọ̀. Ó bẹ Sẹ̀kínát pé kó tún kó wọn wá. Ìyẹn ní kò burú, bí iṣẹ́ tòmátì bá rọlẹ̀, òun á kó wọn wá.

Ọ̀rọ̀ ìbejì yìí ló dun Mọ́nsúrù jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oníbàárà ò sí, ó wọlé tọ̀ mí wá, ó kó àwọn agolo ìpara irun mi, ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nítòsí, òmíràn jìnnà díẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó dojú rẹ̀ kọ agolo àárín, ó yà á. Ó wá fẹ àwòrán náà tóbi lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Agolo àárín ló mọ́ jù.

“Kámẹ́rà ò bàjẹ́ nìyẹn,” ó ní.

Ó fi agolo méjì péré sílẹ̀, ó fi àlàfo sáàárín wọn, ó tún yà á. Àwọn agolo ṣú. Ṣùgbọ́n pósítà irun tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn wọn, a rí orúkọ gbogbo irun tó wà lára rẹ̀ kà.

Ó jókòó pẹ̀sẹ̀. “Aunty Ládé, àárín ló ń wò. Àmì kékeré kan wà láàárín ojú ẹ̀, ohun tíyẹn bá bà lé ló máa mú. Tí èèyàn méjì bá jókòó, àlàfo ló ń bà lé, ló bá gba ibẹ̀ kọjá lọ mú aṣọ ẹ̀yìn.”

“Gbogbo igbe tó o ń ké mọ́ àwọn olólùfẹ́ ńkọ́?” mo bi í. “Wọn ò mí mọ́ nítorí ẹ!”

Ó dìde. Ó dojú àmì náà kọ agolo kan, ó tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, ó di í mú bẹ́ẹ̀, ó rọra yí kámẹ́rà padà sáàárín, ó wá tẹ̀ ẹ́ tán. Agolo méjèèjì mọ́ gaara. Àtọjọ́ náà ló ti ń wo ọ̀nà, tí ó ń bi mí bóyá mo ti rí Ìyá Ìbejì.

Òjò ló dé. Omi wọ ilé àwọn ará Ajégúnlẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀lé e. Nígbà tí omi fà, Sẹ̀kínát dé pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn. A ò bi í ní nǹkan kan. Wọn kì í pe ikú ìbejì létí èkejì rẹ̀.

“Kẹ́hìndé ti lọ,” ó ní. “Uncle, mo wá gba fọ́tò yẹn.”

“Ìyá Ìbejì, mo sọ fún yín pé kò mọ́.”

“Mo mọ̀. Ẹ fún mi bẹ́ẹ̀ náà. Èmi máa dá a mọ̀, òun ló ń ju ẹsẹ̀. A ò ní òmíràn.”

Mọ́nsúrù wolẹ̀. “Mo ti fà á ya.”

“Inú kámẹ́rà ńkọ́?”

Ó mi orí. Sẹ̀kínát ò sunkún, èmi ni inú bí. Ká ní fíìmù ni, ì bá ṣì wà nínú páálí kan lábẹ́ tábìlì rẹ̀ títí dòní. Mo fẹ́ bú u. Ṣùgbọ́n ó ti ń fa àpótí ìjókòó méjèèjì jáde.

Òun ló sọ pé ọ̀nà kan wà. Láyé ọ̀gá òun, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á so fọ́tò méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan kó má baà dá wà. Sẹ̀kínát gbà. Mọ́nsúrù gbé Táyé sórí àpótí ọ̀tún, ó dojú àmì kọ ojú ọmọ náà, ó yà á. Nígbà tó fẹ́ gbé e sórí ti òsì, ọmọ náà na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kò fẹ́ jókòó.

“Ti Kẹ́hìndé ni,” ó ní.

Ìyá rẹ̀ ló fi tipátipá gbé e jókòó.

Wọ́n so méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan ní Ọjọ́tà. Mi ò rí i kí Mọ́nsúrù ya fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìpín irun tí mo ṣe hàn lórí méjèèjì, omijé hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ èyí òsì. Ṣọ́ọ̀bù mi ni Sẹ̀kínát ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó títí, ó wá gbé e síwájú ọmọ rẹ̀, ó fi ìka kan èyí ọ̀tún.

“Ta nìyí?”

“Èmi.”

Ó fi ìka kan èyí òsì. Mọ́nsúrù dìde dúró.

“Èyí ńkọ́?”

Ọmọ náà wò ó, ó wo ìyá rẹ̀. “Èmi,” ó ní. “Mọ́mì, Kẹ́hìndé dà?”

Sẹ̀kínát rọra gbé fọ́tò náà sórí tábìlì mi. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó kí àwa méjèèjì pé a kú iṣẹ́, ó sì lọ. Mọ́nsúrù kò pè é padà.