Ọ̀sán Tí Mo Rí Ọkọ̀ Bọ̀dá Mi

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fi ẹ̀gbọ́n fún mi. Òórùn kọ̀ǹpútà ọmọ mi tó gbóná ló gbé mi padà sí ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi kan ní Iléṣà. Bọ̀dá mi ti fọ́ ọkọ̀ òfurufú mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú géèmù kọ̀ǹpútà, ó sì ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀san ni mo ń wá.

Nígbà tí a tún ta á, ó fi ọkọ̀ tirẹ̀ pamọ́ sínú òkùnkùn òfurufú, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Aríran, níbo ni mo wà?"

Ṣùgbọ́n òfurufú tutù, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ sì ń gbóná. Mo tẹ bọ́tìnnì tó ń fi ooru hàn, mo rí i, mo yìnbọn títí ó fi jóná. "Bọ̀dá, aríran ti rí yín o!"

Nígbà tí wọ́n gbé iyán ọ̀sán wá, kò jẹ ẹ́. Inú mi dùn pé ó dùn ún.

Ẹ̀yìn náà ni mo tó mọ̀ pé láti àárọ̀ ni ibà ti ń ṣe é, pé ó mú un mọ́ra kí n lè gbẹ̀san mi.

Ẹ̀yin tó ń kà á, kí Olúwa la ojú yín sí ìrora ará ilé yín lásìkò.