Ìbejì Tí Mo Fi Bébà Gé

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé nǹkan ìṣeré ọmọdé ni mò ń ṣe. Wọ́n á yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Igbó-Ọrà láti ṣe fọ́tókọ́pì, wọ́n á rí àwọn ènìyàn bébà tí mo tò sórí tábìlì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n á ní, "Àǹtí, ọmọ yín ló ni ìwọ̀nyí?" N kò tíì bímọ, n kì í sì í ṣe àǹtí wọn. Èmi ni mo ya àwọn ènìyàn náà, èmi ni mo gé wọn, èmi náà ni mò ń fi wọ́n ṣeré, bí mo sì ti dàgbà tó yìí, n kò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó wá ṣe fọ́tókọ́pì ojú kan.

Iṣẹ́ náà fẹ́ sùúrù, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run kò fi sùúrù púpọ̀ jíǹkí mi. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń yà wọ́n, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà màá tẹ̀ wọ́n sórí káàdì líle, irú èyí tí a fi ń ṣe èèpo ìwé ètò ìsìnkú, nítorí ìwé ìsìnkú ni iṣẹ́ tó ń bọ́ mi gan-an. Orí ti iwájú á kọjú sí orí ti ẹ̀yìn lórí káàdì náà. Bí mo bá ká a níbi tí orí méjèèjì ti pàdé, tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó di odindi ènìyàn: ẹni tó jókòó síwájú á rí ojú rẹ̀, ẹni tó wà lódìkejì tábìlì á rí ìpàkọ́. Màá wá fi bíléèdì gé e yí ká, màá fi máakà dúdú kun etí rẹ̀ kí funfun bébà má baà hàn, màá sì ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú ìdérí ìgò tí mo ti fi gọ́ọ̀mù àti yanrìn kún. Ọrùn ló máa ń ṣòro jù láti gé. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ níbẹ̀, orí lọ nìyẹn, kí ènìyàn tún òmíràn tẹ̀ ló kù.

Èmi àti ìkejì mi la jọ dá eré náà sílẹ̀ nígbà tí mo wà ní Póòlì Èrúwà. Ìbejì ni wá. Ní ìlú tiwa, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Ojúlé tí kò ní ìbejì ni à ń béèrè pé kí ló ṣe é. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, nítorí náà òun ni ẹ̀gbọ́n, nítorí wọ́n ní òun ló rán mi síwájú pé kí n lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. "Àbúrò, lọ bu omi wá." "Àbúrò, gbé àga yẹn." Ọkùnrin tí mo ti mí afẹ́fẹ́ kó tó mí.

Nínú eré wa, àgbẹ̀ ní láti kó irè oko délé kí àwọn ará igbó tó yọ sí wọn. Dáìsì lúdò ló ń sọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe máa rìn jìnnà tó láàárín abà, odò àti igbó tí a yà sórí tábìlì. Ìkejì mi ló máa ń ṣe àgbẹ̀, èmi ni mo máa ń ṣe ará igbó, nítorí pé èmi ni mo burú jù nínú àwa méjèèjì, ó ní òun kò lè purọ́. Àgbẹ̀ ni òun náà lójú ayé. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, oko rẹ̀ wà lápá Ayétẹ̀, níbi tí ọ̀nà oko ti gùn tí ilé sì ti jìnnà síra wọn.

Lẹ́yìn náà ni igbó gidi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi ti orí tábìlì. A gbọ́ pé wọ́n jí ẹnìkan gbé lójú ọ̀nà oko. A gbọ́ pé ẹlòmíràn lọ hú ẹ̀gẹ́, wọ́n bá ọ̀kadà rẹ̀ níbi tó dúró sí, kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀, wọn kò bá a. Àwọn tó máa ń dé ní ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò kọjá ẹnu, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin tó ní oko lápá ibẹ̀ wá pinnu láti máa ṣọ́ ọ fúnra wọn, kí àwọn kan máa sinmi kí àwọn kan máa ṣọ́. Ìkejì mi wà lára wọn. Ó di ẹni tó ń pẹ́ nínú abà kó tó fojú kan ilé.

Orí àpáta kan ló ti máa ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ibẹ̀ ló ti pè mí lọ́jọ́ kan, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Àbúrò, má jẹ́ kí eré wa kú. Ya èmi gan-an sórí tábìlì. Màá máa sọ ibi tóo máa gbé mi lọ."

Mo ní, "Ojú rẹ tó burú yìí náà?"

"Ojú wa ni. Tìẹ náà ni."

Mo fi àwòrán rẹ̀ tó wà nínú fóònù mi ṣe é. Mo ya fìlà rẹ̀ tó máa ń gẹ̀ sápá kan, mo ya tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ya èjìká òsì rẹ̀ tó rẹlẹ̀ díẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ru ẹ̀gẹ́. Inú mi dùn sí i ju ohunkóhun tí mo ti ṣe lọ. Bó bá ti pè, màá da dáìsì fún un, yóò ní kí n gbé òun lọ sí ìdí odò tàbí sẹ́yìn abà, èmi á sì gbé e lọ. Ó ń yọ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ará igbó mi kò gbọ́n.

Màámi kì í sábà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é ní Ìyá Ìbejì. Ọjọ́ tó wá, oúnjẹ ló gbé wá fún mi. Ó rí ènìyàn bébà náà, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó sì ń wò ó.

"Ta nìyí?"

"Ọmọ yín ni, mà. Ṣé ó jọ ọ́?"

"Tìẹ dà?"

"Èmi wà níbí, mà. Òun tí kò sí nílé ni mo yà."

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni etí èmi náà gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ.

Láyé àwọn ìyá ìyá wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, agbẹ́gilére á gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á máa wẹ ère náà, á máa fi epo àti osùn pa á lára, á máa gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀, kí èyí tó lọ má baà bínú wá pe ìkejì rẹ̀. Ẹni tó ṣì ń mí, wọn kì í gbẹ́ ẹ. Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ yìí ti di ìtàn. Màámi fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn ìyàwó kékeré ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àìmọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, ó nawọ́ sí bébà náà.

"Bóo bá máa yà wọ́n, méjèèjì lo máa yà. Ya tìẹ náà, kóo gbé e tì í."

Inú bí mi. Mo ní, "Màámi, bébà ni. Bí ẹ bá fẹ́, kí n dáná sun ún báyìí."

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Ta lo fẹ́ dáná sun?"

Mo já ọwọ́ mi gbà. N kò sì ya tèmi. Mo sọ fún ara mi pé n kò ráyè, pé ìwé ètò ìsìnkú méjì wà nílẹ̀ tí n kò tíì parí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù bà mí: bí mo bá ya tèmi, á jẹ́ pé mo gbà pé ohun tí mo ṣe sí tirẹ̀ lágbára.

Kò pẹ́ sí i, ìpè rẹ̀ dáwọ́ dúró. Mo pè é, obìnrin inú fóònù ní wọn kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mò ń pè. Mo tún pè é. Ẹnìkan láti Lánlátẹ̀ tó wá tẹ ìwé lọ́dọ̀ mi sọ pé òun gbọ́ pé ìbọn dún lápá Ayétẹ̀, kò mọ ìbọn ta ni. Lórí tábìlì, ènìyàn bébà ìkejì mi dúró sí etí igbó, òun ló kàn láti rìn. N kò lè da dáìsì fún un. Àwọn oníbàárà ń bá mi sọ̀rọ̀, mò ń wo etí igbó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé ṣọ́ọ̀bù, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wá abẹ́ tábìlì, mo wá inú àpò ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà mo rántí pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ Màámi. Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú, mo wọ yàrá rẹ̀ láìkànlẹ̀kùn.

Ènìyàn bébà náà wà lórí àpótí aṣọ rẹ̀. Màámi fi ìwé orin gbé e ró nítorí kò lè dá dúró mọ́. Abọ́ ẹ̀wà kékeré wà níwájú rẹ̀, èéfín ṣì ń jáde lórí ẹ̀wà náà. Ó ti fi epo pupa pa á láti orí dé ẹsẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún ti igi. Igi lè mu epo. Bébà kò lè mu ún kó má yí padà. Epo ti rin ín débi pé iwájú àti ẹ̀yìn hàn sínú ara wọn: ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, ìpàkọ́ rẹ̀ sì ń yọ láàárín ojú náà. N kò mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ ni tàbí ó ń lọ.

Mo ní, "Ẹ ti sin ín. Ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀, ẹ ti sin ín, Màámi."

Kò gbé ohùn sókè. "N ò sin ẹnì kankan. O ti yà á. Bí wọ́n bá ti yà á, wọn kì í fi ebi pa á. Bó bá wà láàyè, ẹ̀wà lásán ni mo fi ṣòfò. Bó bá sì ti lọ, tí n ò bọ́ ọ, ìwọ ló máa wá mú."

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sunkún. Mo ti rò pé ó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni. Èmi ló ń ṣọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọ̀kadà dúró níwájú ilé, ìkejì mi sọ̀ kalẹ̀. Ó ti gbẹ, eruku bò ó, ṣùgbọ́n kò sí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ó ní fóònù òun bọ́ sódò nígbà tí àwọn ń sá láti abà kan bọ́ sí òmíràn, òun kò sì rí ẹni rán sílé. Mo dì mọ́ ọn, mo gbá a létí, mo tún dì mọ́ ọn. Màámi fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó lọ gbé oúnjẹ wá. Kò sunkún, kò sì kọrin ọpẹ́, òun tó máa ń kọrin ọpẹ́ bí iná mànàmáná bá dé.

Bí ìkejì mi ti jẹun tán, ó wọ yàrá Màámi láti mú ẹní. Nígbà tó jáde, ènìyàn bébà náà ló gbé sórí àtẹ́lẹwọ́. Epo ti pa á níka.

Ó ní, "Màámi, ìgbà tí ẹ ò gbúròó mi mọ́ ni ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí?"

Màámi ní, "Rárá. Kí n tó gbé e wálé ni mo ti ń gbé ẹ̀wà sílẹ̀ fún ọ. Ọjọ́ tí mo ti ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ dé ni."

Ìkejì mi jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí èmi náà ń rò ó. Gbogbo ìgbà tó wà lórí àpáta tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá rẹ̀ ti ń bọ́ ọ bí òkú.

Ó sọ fún wa pé òun máa padà lọ́jọ́ kejì, pé ìpín òun kò tíì pé, àwọn tó kù ń retí òun. Mo wo Màámi kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ní, "Kóo tó lọ, jẹ́ kí ìkejì rẹ dúró tì ọ́."

Ìkejì mi kọjú sí mi. "Àbúrò, ya ara rẹ." Kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ya tèmi, mo tẹ̀ ẹ́, mo ká a, mo lẹ̀ ẹ́. Mo gé ẹsẹ̀, mo gé apá. Nígbà tí mo dé ọrùn, ọwọ́ mi kọ̀, bíléèdì dúró sójú kan. Ìkejì mi gbà á lọ́wọ́ mi. Pẹ̀lú ìka rẹ̀ tó ki tó sì le yẹn, ó gé ọrùn mi yí ká, kò yẹ̀ rárá. A mú un délé, Màámi gbà á.

Láàárọ̀, ìkejì mi lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí n kò fi gbọ́ ọ̀kadà náà mọ́. Mo wá ń gbọ́ ohùn Màámi láti inú yàrá rẹ̀, ó ń fi oríkì mi pè mí, jẹ́jẹ́, bó ti máa ń fi jí mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo rò pé ó fẹ́ rán mi níṣẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn. Ó kẹ̀yìn sí mi, abọ́ ẹ̀wà méjì wà níwájú rẹ̀, ìka rẹ̀ pọ́n fún epo.

Mo ní, "Màámi, èmi nìyí."

Ó tún pè mí. Kò bojú wẹ̀yìn. Bébà tèmi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.