Ọ̀já Ọmọ tí Wọ́n Fi Di Ikùn Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́dún tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbé ọmọ jáde nínú mi. Ọ̀pọ̀ yín ti ń bi mí, mo sì máa ń fi ẹ̀rín bò ó. Lónìí, màá sọ ọ́.

Oyún àkọ́kọ́ mi ni. Ìkòkò ni mò ń mọ, ọkọ mi tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alùfáà ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Ìyá tó bí mi ti kú tipẹ́, nítorí náà ìyá ọkọ mi ni mo ń pè ní Ìyá. Aṣọ híhun ni iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ọmọ ò wá. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ó tún ṣú. Agbẹ̀bí ní ọmọ náà dábùú, ó ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn òyìnbó. Àwọn ará ilé ní ká ṣáà máa ṣàdúà, pé ta ló gbọ́ ọ rí pé kí òyìnbó la ikùn aboyún? Ìyá ló dá wọn lóhùn. Ìyá ní àdúà ò ní kéèyàn má wọ rélùwéè lọ síbẹ̀. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn, wọ́n ní, "Gbé ìyàwó rẹ, kó o máa lọ. Bá mi gbé e padà wálé láàyè."

Ṣé ẹ rí i? Wọn ò dárúkọ ọmọ rárá.

Mi ò lè sọ bá a ṣe dé ilé ìwòsàn òyìnbó yẹn. Ohun tí mo rántí ni òórùn oògùn tí wọ́n fi bò mí nímú. Nígbà tí iyè mi fi máa sọ, ikùn mi ń ta mí bí iná, wọ́n sì ti fi aṣọ funfun fífẹ̀ kan dì í láti abẹ́ ọmú dé ìbàdí. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ti pẹlẹbẹ! Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mi ò rí ọmọ.

Alùfáà jókòó tì mí. Ó ní, "Àsímáwù, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run la ti wá." Mo ti mọ ìyókù. Obìnrin ni. Wọ́n ti sin ín. Èmi ìyá rẹ̀ ò rí ojú rẹ̀!

Nọ́ọ̀sì kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ará Èkó ló kọ́ mi bí mo ṣe máa lo aṣọ náà. Ó ní kí n máa dì í kí n tó dìde, àmọ́ kó má fún débi tí mi ò ní lè mí dáadáa. Bí ikọ́ bá gbé mi, kí n fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ọgbẹ́ mú. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ ikùn náà o! Mo ń gbọ́ ọ. Kí ni mo tún fẹ́ fi ikùn ṣe?

Rélùwéè tá a wọ̀ padà ń gbọ̀n jìgìjìgì. Alùfáà bọ́ agbádá rẹ̀, ó ká a, ó fi tì mí níkùn. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí a fi dé Ìlọrin.

Nílé, àwọn obìnrin ti gbé omi kaná. Wọ́n fẹ́ fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ìyá ọmọ. Alùfáà sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Ni Ìyá bá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n na apá méjèèjì. "Ẹ da omi yín nù. Ẹnì kankan ò ní fọwọ́ kan ọgbẹ́ yìí lójú mi."

Kò pẹ́ tí aṣọ funfun náà ya. Ìyá wọ yàrá wọn, wọ́n mú ọ̀já kan jáde, aláró, ó fẹ̀, ó sì nípọn. Mi ò rí i rí. Wọ́n ti hun ún pa mọ́ de ọmọ tí mo máa pọ̀n.

Igbe ni mo fi bọnu. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dì mí! Ti ọmọ mi ni!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo hun ún."

"Ẹ bá mi wá òmíràn."

"Èyí tó kù nílé ti gbó, kò lè mú ikùn dúró. Àsímáwù, ẹni tí mo hun ún fún ti lọ. Ìwọ ló kù sí mi lọ́wọ́. Gbé apá sókè."

Mo gbé apá sókè. Wọ́n rọra ń yí i mọ́ mi lára, wọ́n ń bi mí bóyá ó ti le jù. Ẹ ò ní gbà gbọ́, ó dì mí mú ju ti ilé ìwòsàn lọ! Mo lè dìde, mo lè rìn jáde síta. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá fọwọ́ kan ọ̀já yẹn, ẹ̀yìn mi máa ń ṣe mí bíi pé nǹkan kan já bọ́ níbẹ̀.

Níjọ́ kan, oníbàárà mi kan ti Òkè-Oyi wá. Kò gbọ́ nǹkan kan. Bó ṣe rí ọ̀já lára mi báyìí, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ẹ kú ewu o! Ọmọ dà? Ẹ gbé e wá kí n rí i!"

Ẹkún Ìyá ni mo gbọ́ láti ibi tí wọ́n ti ń hunṣọ. Ìyá tí wọn ò sunkún láti ọjọ́ tá a ti dé! Wọ́n ń ké bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Mo rìn lọ bá wọn, mo jókòó tì wọ́n, a jọ sunkún títí. Àlejò náà ń bẹ̀ wá ṣáá. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀?

Ibẹ̀ ni Alùfáà bá wa. Mo bi í ní ohun tí ẹ̀rù ti ń bà mí láti bi í. Ta ni ọmọ náà jọ?

Ó wo ojú Ìyá. Ó ní, "Ìyá ni. Iwájú orí wọn yìí ni, ìka wọn gígùn yìí náà ni."

Ìyá na ìka wọn síwájú, wọ́n ń wò ó. Èmi náà ń wò ó. Bí mo ṣe rí ọmọ mi nìyẹn o.

Ọgbẹ́ náà jinná, àlùhàmúdúlílàhì. Ọlọ́run ò tíì fún mi lọ́mọ mìíràn.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìyá ọmọ ni obìnrin tó bímọ tí kò rí ọmọ gbé. Ẹ bá a di ikùn rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú abiyamọ. Ẹ má sì ṣe bíi pé ọmọ náà ò wá rí. Ẹ bi í pé ta ló jọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gba irú ibẹ̀ kọjá? Ta ló dúró tì yín? Ẹ sọ tiyín, mo ti gbé etí mi kalẹ̀.