Ojú Tí Mo Yà Sára Pupuru

Òórùn èéfín ló kọ́kọ́ wọlé, kí Tóyìn, ọmọbìnrin àbúrò mi, tó wọlé tẹ̀lé e. Ó gbé àpò kan dání, ó ní Ìgbódìgò ni òun ti ń bọ̀, òun sì ti rí pupuru gidi rà, olódidi, tó dúdú bí ìdí ìkòkò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ọ̀rá tí à ń rà ní Àkúrẹ́ níbí. Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo dá wọn lóhùn, mo sì jókòó, nítorí òórùn yẹn ti gbé mi padà sí ilé ìdáná Iye, ìyá mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò dàgbà nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, a ó fún un, a ó mọ ọ́n róbótó bí orí ọmọ tuntun, a ó sì tò ó sórí àjà tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀. Èéfín á sọ ara rẹ̀ di dúdú, inú rẹ̀ á wà ní funfun báláú. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ á fi ọ̀bẹ ha dúdú náà dànù, á gún un, á kù ú, á sì fi ro òkèlè.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yí wọn lórí iná, iná náà ló sì fi àpá sí mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bí mo bá fi ìṣó fá ara dúdú náà, ìlà funfun á yọ. Mo ya ẹja, mo ya alángbá. Mo ya wòlíì ìjọ wa nínú aṣọ funfun rẹ̀, láìwọ bàtà, tòun ti ikùn rẹ̀. Iye rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ha ìyẹn dànù kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Lọ́jà, ẹlẹ́ja, èyí tí mo ya ẹja sí lára, ni àwọn oníbàárà kọ́kọ́ ń ṣà.

Lẹ́yìn náà ni Bọ́sẹ̀ dé. Kíláàsì kan náà ni a wà, ó sì ń kọrin nínú ìjọ wa. Eyín rẹ̀ ní èjí, àpá kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. A jọ ń pọn omi, a sì jọ ń sùn sórí ẹní kan lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn ọmọbìnrin yòókù ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin. Mo ń gbọ́ wọn, n kò rí ohun tí wọ́n ń rí. Bọ́sẹ̀ ni mo ń rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ọkùnrin, òun náà sì mọ̀, nítorí òun ló kọ́kọ́ di ọwọ́ mi mú tí kò sì fi í sílẹ̀. A kò pe ohun náà lórúkọ kankan.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi kò ya ẹja mọ́. Bọ́sẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín ni, Bọ́sẹ̀ tó ń kọrin, Bọ́sẹ̀ tó tú irun. Iye wò wọ́n, ó ní, "Ẹja tà ju èyí lọ." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọjà ló ń sọ.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ìyá Bọ́sẹ̀ wá ra pupuru. Ó mú ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ojú ọma mi rèé." Ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn. Nígbà tó fi máa kan ìsàlẹ̀ agbọ̀n, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni Bọ́sẹ̀ tó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọwọ́ náà sì ní àpá iná. Ó wo àpá iná ọwọ́ mi. Ó wé pupuru náà mọ́ ìró rẹ̀, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, àyè Bọ́sẹ̀ ṣófo láàárín àwọn akọrin. Wọ́n ní ó ti lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìyànsàn, pé ibẹ̀ ni yóò ti máa lọ sílé ìwé. Wọ́n gbàdúrà fún mi láìdárúkọ mi, gbogbo ìjọ sì mọ ẹni tí wọ́n ń gbà á fún. Mo bá wọn ṣe àmín.

Iye kò nà mí. Ó da àwọn pupuru tó kù sílẹ̀, ó ní, "Ọma mi, gbé ọ̀bẹ ghá." A jọ ha wọ́n, èyí tó ń rẹ́rìn-ín, èyí tó ń kọrin, títí gbogbo wọn fi funfun. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, ó ní, "Ẹja ni kí o máa yà. Ẹja kò ní ìyá tí yóò wá wò ó lọ́jà." A gún un, a rò ó, a jẹ ẹ́. Mo jẹ yó. Mo ń retí ẹkún, kò wá. Inú mi kú tipiri lọ́jọ́ náà, bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé pẹ́.

Mo di olùkọ́ àwòrán. N kò lọ́kọ, ó sì ti sú àwọn ará ilé láti máa béèrè. Mo gbọ́ pé Bọ́sẹ̀ ti ní ọmọ-ọmọ. Ìyànsàn kò jìnnà, mo ti bá ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, n kò sì sọ̀kalẹ̀. Iye ti kú, ilé ìdáná rẹ̀ ti wó, ẹ̀rọ ló ń lọ ẹ̀gẹ́ báyìí. Irú àdúrà tí wọ́n gbà fún mi ṣì wà, ó tilẹ̀ ti le sí i. Mo máa ń rí bí Tóyìn àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń jìnnà síra wọn bí wọ́n bá ti dé àárín èrò.

Tóyìn ní kí n ya nǹkan kan sára pupuru, pé ìyá òun sọ pé mo máa ń yà á. Mo mú ìṣó. Ẹja ló jáde. Mo mú òmíràn, ẹja náà ni. Mo bá na ìṣó sí i.

"Ìwọ yà á," mo wí. "Ẹni tó bá wù ọ́."

Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wò mí, ó pẹ́ kó tó gbà á.

Kò mọ àwòrán yà. Imú wọ́, ojú kan tóbi ju èkejì lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń ráhùn pé òun kò burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sórí fíríìjì. Wọ́n ti lọ báyìí. Láràárọ̀ ni mo ń dúró níwájú rẹ̀, bóyá ẹkún ọjọ́ náà á wá. Kò tíì wá. Mo ti jẹ àwọn ẹlẹ́ja tán. Èyí nìkan ni n kò fi ọ̀bẹ kàn.