Iye Tí Sèlíátù Pè

Nígbà tí Faransé ṣì ń jọba ní ìlú Bouaké, obìnrin kan wà ní àdúgbò Koko níbẹ̀ tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè bí ó bá ń tajà. Sèlíátù ni orúkọ rẹ̀. Ìyá Jùmọ̀kẹ́ ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ń pè é. Abọ́ tánńganran ni ó ń tà. Bí oníbàárà bá dá owó tí kò dára, kì í bú u. Á rọra gbé abọ́ náà padà sórí ìkejì rẹ̀, á ní, "Ẹ ti kí mi, ó kù kí ẹ ná an." Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á fi díẹ̀ kún un. Òun náà á yọ díẹ̀. Wọn á máa sún mọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀ títí wọn á fi pàdé. Ẹni tó bá san iye tí ó kọ́kọ́ pè láìná an, ojú aláìsàn ni ó fi ń wò ó.

Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá láti ilé. Òwú, abẹ́rẹ́ àti dígí ni wọ́n jọ ń kiri ní abúlé àwọn Baoulé. Ibà pa ọkọ náà nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ ṣì ń rá. Àwọn ẹbí ọkọ ránṣẹ́ pé kí ó padà wálé kí wọ́n ṣú u lópó. Ó ní òun ti gbọ́, kò sì lọ. Ó gbé igbá rẹ̀ rù, ó kọ́ èdè Júlà tí wọ́n fi ń nája níbẹ̀, ó mọ owó kà ní èdè Baoulé, ó sì ń kiri títí ó fi gba ìsọ̀ nínú ọjà. Kò sí ẹni tó fún un ní nǹkan kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹni tí wọ́n fún ní gbogbo nǹkan ló pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó kù.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: ọwọ́ Mùsíò Tibó ni ó ti ń ra ọjà. Tibó ni òyìnbó tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè. Kì í jẹ́ kí ènìyàn dúdú ṣa ọjà. Abọ́ tó dára àti èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, yóò dì wọ́n pọ̀, yóò ní kí o gbé e bẹ́ẹ̀ tàbí kí o fi í sílẹ̀. Sèlíátù ní àbúrò kan, Ràímì, tí ń ṣòwò ní Kùmásí. Ràímì lè fi lọ́rì kó ojúlówó tánńganran wá, kí wọ́n san owó ibodè rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ Tibó sì parí. Ṣùgbọ́n ẹrù lọ́rì kan odindi kì í ṣe ohun tí à ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan tà kí èèyàn tó jẹun. Ó ń fẹ́ oníbàárà kan tí yóò ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Oníbàárà náà dé. Wọ́n ní owó ti Paris wá fún ìdàgbàsókè. Àwọn ará Koko ní owó náà jọ owó orí tí àwọn ń san, pé ó kàn lọ rí òkun kó tó padà wálé ni. Kọmandan, òyìnbó tó ń ṣàkóso gbogbo agbègbè náà, ní òun yóò fi owó yìí kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí Koko. Ògiri dìde, wọ́n kan páànù lé e. Ohun èlò ló kù: abọ́ tí wọn yóò fi máa wẹ ọmọ tuntun, garawa onídèérí, ìkòkò tí wọn yóò fi máa se omi.

Jàfárù, ọmọ agbo ilé Sèlíátù, tó jẹ́ kọmí, ìyẹn akọ̀wé, ní bírò tí Kọmandan ti ń ṣiṣẹ́, ló gbé ìròyìn náà wá sí ìsọ̀. Kékeré ni wọ́n ti mú un lọ sí ilé ìwé Faransé. Kò tajà rí láyé rẹ̀. Ó ní ìjọba fẹ́ ra tánńganran, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ń san owó ìwé àṣẹ òwò lè dá sí i, ìbáà ṣe funfun, ìbáà ṣe dúdú.

Sèlíátù béèrè bí wọn yóò ṣe rà á.

"Ẹ ó kọ iye tí ẹ bá pè é sínú ìwé, Ìyá Jùmọ̀kẹ́. Ẹ ó fi í sínú àpò ìwé, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ pa. Ọjọ́ kan náà ni wọn ó tú ti gbogbo yín."

Iye tí ẹ bá pè é. Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ohun tí ìwé ìjọba sọ ní Faransé ni iye tí o máa tà á, tí kò ní yí padà. Jàfárù wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó sún mọ́ ọn, "pè" ló sì bọ́ sí i lẹ́nu. Kò mọ̀ pé lẹ́nu ọlọ́jà, ẹni tó pe ọjà kò tíì tà á. Ilẹ̀kùn ni ó ṣí, kí oníbàárà wọlé, kí wọ́n jókòó, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi iye ìkẹyìn kí oníbàárà ní ẹnu ọ̀nà, ó lé e ni.

Nítorí náà, Sèlíátù ṣe bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Ó kó gbogbo aṣọ àti fìlà tó ń tà mọ́ tánńganran jáde, ó gbé e fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iye tí kò tó owó rẹ̀, ó fi gbogbo owó náà ránṣẹ́ sí Ràímì. Lọ́rì dé. Abọ́ kún yàrá títí dé òrùlé, débi pé òun àti Jùmọ̀kẹ́ gbé ẹní wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó pe iye ọjà kọ̀ọ̀kan, tí Jàfárù sì kọ ọ́. Ó pè é ní ìlọ́po méjì iye tí ó fẹ́ gbà.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Kọmandan rí nǹkan gé. Ẹni ńlá kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ẹni tí kò mọ ọjà ná."

Jàfárù rẹ́rìn-ín, ó lẹ àpò ìwé náà pa, ó gbé e lọ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n tú u, ìjókòó Sèlíátù wà lẹ́yìn pátápátá. Kọmandan wà nídìí tábìlì, Tibó jókòó ní iwájú, ó na ẹsẹ̀ bí ẹni tó wà nílé rẹ̀. Jàfárù ń túmọ̀. Wọ́n ka ti Sèlíátù. Wọ́n ka ti àwọn méjì mìíràn tí iye wọn ga ju tirẹ̀ lọ. Wọ́n wá ka ti Tibó. Abọ́ ìwẹ̀ ọmọ: fáráǹkì kan ni ó fi dín sí ti Sèlíátù. Garawa onídèérí: fáráǹkì kan. Ìkòkò omi: fáráǹkì kan.

Ọlọ́jà ni Sèlíátù. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ iye tí o pè kò lè máa tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀ bí òjìji. Ṣùgbọ́n kò bínú nígbà yẹn. Ó rò pé ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó dìde, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe.

"Jàfárù, sọ fún un pé mo gbọ́. Kí ó wá sọ tirẹ̀."

"Tirẹ̀ bíi ti báwo, Ìyá?"

"Iye tí ó fẹ́ san. Mo ti pè é. Ó kù kí ó ná an."

Jàfárù kò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Kọmandan tẹjú mọ́ ọn, ó sì túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín ta. Tibó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Sèlíátù dúró, ó ń wò wọ́n ní pẹ̀lẹ́, nítorí pé oníbàárà tó mọ ọjà ná a máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó yọ díẹ̀ kúrò. Jàfárù túmọ̀ rẹ̀. Ó tún yọ díẹ̀. Ẹ̀rín ń dínkù. Nígbà tó yá, ó ní kí Jàfárù sọ fún wọn pé òun gé e sí ìdajì, pé ọjà náà wà ní Koko, wọ́n lè wá kó o lónìí.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló mọ ìṣirò. Ọwọ́ ọkùnrin kan ni owó orí gbogbo agbègbè wà, ẹnì kan sì ń fi ọjà tó dára lọ̀ ọ́ ní ìdajì iye tí ó fẹ́ san. Kọmandan dé gègé rẹ̀. Ó sọ gbólóhùn kan fún Jàfárù.

"Ó ní ibí kì í ṣe ọjà."

Òótọ́ ló sọ. Ní ọjà, ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti ń ná nǹkan, ẹni tó ń kọjá lọ pàápàá lè dá sí i. Tibó ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Nígbà tí wọ́n jáde, Jàfárù ní òun kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ilé Kọmandan ni wọ́n kó àwọn àpò ìwé náà sí, Tibó sì jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ti ná an tán. Wọ́n ná an lórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n sì pe ìnájà ní ìwà ọjà níwájú obìnrin tó ń ná an ní gbangba.

Sèlíátù kò tíì kúrò lójú kan. Ó bi í pé, "O mọ̀ pé wọn kì í ná an?"

"Mo rò pé ẹ mọ̀, Ìyá."

"O gbọ́ èdè tiwọn, Jàfárù. Tiwa ni o ò gbọ́."

Àwọn abọ́ náà wà nínú yàrá. Òjò dé, ó bá Sèlíátù àti ọmọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí owó tí yóò fi ra ọjà mìíràn, kò sì fẹ́ padà sọ́dọ̀ Tibó fún ohunkóhun. Ìsọ̀ tí kò ní ju tánńganran lọ, oníbàárà a máa yà á sílẹ̀. Jùmọ̀kẹ́, tó ti dàgbà, tún gbé igbá rù, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe nígbà kan.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọjà tí Tibó ń retí kò dé. Ọkọ̀ ojú omi pẹ́. Lọ́jọ́ kan ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ìsọ̀ ní Koko, ó ń sọ èdè Júlà wúruwùru.

Ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀ pè é, ó ní, "Anago, mo gbọ́ pé o ní tánńganran. Mo fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo máa kó gbogbo rẹ̀ ní ìdajì tí o pè níjọ́sí."

Sèlíátù gbé àga fún un. Ó ní iye rẹ̀ ni èyí tó wà nínú àpò ìwé.

Tibó rẹ́rìn-ín, ó fi díẹ̀ kún ìdajì. Sèlíátù kò yọ nǹkan kan. Ó tún fi díẹ̀ kún un. Àwọn ọlọ́jà yòókù ń tẹ́tí sí wọn. Wọn kò rí i rí kí Ìyá Jùmọ̀kẹ́ máa kọ ìnájà.

Tibó ní, "Ṣé o kì í ṣe ọlọ́jà mọ́ ni?"

"Ọlọ́jà ni mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ohun tó bá ti wà nínú ìwé, a kì í ná an. Ẹ fi fáráǹkì kan kún èyí tí ẹ kọ, ẹ kó o."

Tibó wo àwọn abọ́ náà, ó wo Sèlíátù, ó dìde. Bí ó bá san iye yẹn, yóò pàdánù fáráǹkì kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sì mọ ọ̀nà mìíràn tí kò ní ná an ní nǹkan kan.

Ẹni tó bá gba ọjà fún ìjọba ní láti fọwọ́ sí i pé ọjà dé, ó sì pé, kí wọ́n tó san owó. Láàrin ọ̀sẹ̀ náà, Kọmandan ní kí Jàfárù fọwọ́ sí i. Jàfárù fọwọ́ sí i. Wọ́n san owó Tibó láìku sẹ́ńtì kan, abọ́ kankan kò sì wọ inú ilé ìgbẹ̀bí. Jàfárù gun kẹ̀kẹ́ tuntun wá sí Koko. Nígbà tí Sèlíátù bi í léèrè ọ̀rọ̀ àwọn abọ́ náà, ó gbé èjìká sókè bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe, ó ní, "Lórí ìwé, Ìyá, ó ti dé."

Wọ́n ṣí ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n ta àsíá, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìdàgbàsókè. Láti ọjọ́ kejì ni nọ́ọ̀sì ti ń sọ fún àwọn aboyún pé kí wọ́n máa gbé abọ́ àti garawa wọn bọ̀ láti ilé. Níbo ni wọn yóò ti rà á bí kò ṣe ìsọ̀ Sèlíátù? Wọ́n ń wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Júlà, Baoulé, Anago, pẹ̀lú ikùn wọn níwájú. Wọ́n ti fi owó orí san owó abọ́ kan tí kò dé. Wọ́n tún ń fi owó oúnjẹ ra òmíràn. Sèlíátù ń ná an pẹ̀lú wọn. Ó ń tà á ní ìdajì tí ó pè fún Kọmandan, ó sì ń fi ife kékeré kan ṣe ènì fún aboyún kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní Koko sọ pé bí ó bá ti tà á fún Tibó ni, ilé ìgbẹ̀bí ì bá ní abọ́. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Kì í ṣe Sèlíátù ni wọ́n san owó abọ́ fún.

Bẹ́ẹ̀ ni yàrá náà ṣe ń ṣófo díẹ̀díẹ̀, tí òun àti Jùmọ̀kẹ́ sì gbé ẹní wọn padà sínú ilé.

Lọ́jọ́ kan Jàfárù dé, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Ìyàwó rẹ̀ ti ń rọbí, ó ti wà ní ilé ìgbẹ̀bí. Ó ń fẹ́ abọ́ ìwẹ̀ ọmọ kan.

Sèlíátù wò ó. "Ṣé kò sí abọ́ níbẹ̀ ni? Ìwọ lo fọwọ́ sí i pé ó pé."

"Ìyá, ẹ má ṣe mí báyìí."

"Lọ fi ti orí ìwé wẹ ọmọ."

Jàfárù kò kúrò níbẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ń wò ó. Sèlíátù dìde, ó mú abọ́ kan, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku inú rẹ̀, nítorí ọmọ náà kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó pe iye rẹ̀. Iye tó wà nínú àpò ìwé ni.

Jàfárù mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi kọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìdajì, Sèlíátù sì gbé abọ́ náà padà sórí ìkejì rẹ̀.

"Iye tí mo pè nìyẹn," ni ó wí.

Ó san án. Sèlíátù kò sì fún un ní ènì.