Irọ́ Tí Wọ́n Pa Mọ́ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ifọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, òórùn igi tútù ni mo fi ń mọ̀ pé bàbá mi ti wọlé. Ilé ìlagi, tí gbogbo wa ń pè ní sọ́míìlì, ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń darí ìtì igi sẹ́nu ayùn ńlá. Irin kan máa ń bo ayùn náà kó má baà gé ọwọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ni ibẹ̀ ní irin yẹn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Ọ̀gá ní ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kó máa lọ sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n gbé bàbá mi wálé, wọ́n fi aṣọ wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìka mẹ́ta ti lọ. Mo rò pé ọ̀gá máa wá kí wa. Ó wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ pé ọtí ni bàbá mi mu wá síbi iṣẹ́. Bàbá mi tí kì í fẹnu kan ọtí, tó jẹ́ pé òun ló ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mọ òtítọ́, ṣùgbọ́n wọ́n wolẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ jẹun. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á máa rìn bí ọ̀mùtí tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo gé ọ̀kan nínú wọn jẹ létí.

Ìyá mi ní kí n fi ẹ̀san fún Ọlọ́run. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ti gbà á padà lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní èmi ni n ó bá a gbé e.

Mo dàgbà, mo kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Mòwé. Ọ̀gá yẹn náà ti kúrò ní Ifọ̀, ó ti kọ́ sọ́míìlì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ sí Ìbàfò. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá gbé mi kọjá ibẹ̀ ni mo máa ń kọjú sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ará Ọ̀ṣun tó háyà yàrá ní Magboro. Ayùn ti gé e lọ́wọ́. Nígbà tó sọ pé sọ́míìlì ọ̀gá yẹn ní Ìbàfò lòun ti ń ṣiṣẹ́, àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn.

Mo ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mutí, kó sì kọ ọ́ pé ibi iṣẹ́ ló ti ṣèṣe. Mo ní kí ìyàwó ọ̀dọ́mọkùnrin náà, tó tẹ̀ lé e wá, pe ẹnì kan ní sọ́míìlì, kí onítọ̀hún fi fóònù ya àwòrán ayùn náà kí wọ́n tó sáré fi irin bò ó. Mo ní bí ọ̀gá bá gbé ìwé kankan wá, kí ọkọ rẹ̀ má fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá dé ní ọ̀sán, ó gbé ọsàn lọ́wọ́. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ yìí mutí wá síbi iṣẹ́ ni o. Ẹ bá mi sọ fún dókítà."

"Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Kò mu nǹkan kan. Bàbá mi náà ò mu nǹkan kan ní Ifọ̀, lọ́jọ́ tí ayùn yín gé e."

Ó wò mí títí. "Ìwọ, ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ẹni tí ẹ pè ní ọ̀mùtí."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn ọsàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń yí kiri nílẹ̀. Mi ò bá a ṣà wọ́n.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹjọ́ sun ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Èmi sì lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ ti bàbá mi fún wọn, mo ní bí wọ́n bá dákẹ́, ọwọ́ tiwọn ló kàn. Wọ́n jẹ́rìí. Ọ̀gá tọ́jú ẹni tó ṣèṣe bí òfin ṣe wí, ìjọba sì ti sọ́míìlì náà pa. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi ṣéènì ti géètì, mo wọ aṣọ tó dára, mo dúró ní òdìkejì ọ̀nà, mò ń wò ó.

Ọ̀gá rán pásítọ̀ sí mi pé kí n dárí ji òun. Mo ní kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ sí Ifọ̀, kó sọ òtítọ́ níbi tó ti parọ́. Ó lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó sọ ọ́ létí gbogbo àdúgbò pé irọ́ lòun pa. Bàbá mi ti darúgbó nígbà yẹn. Ó dárí jì í, ó ní kí n bu omi fún un. Àbúrò mi ló bù ú. Mi ò kúnlẹ̀ kí ọkùnrin náà.

Ayé ti yí padà. Láyé bàbá mi, ẹni tí ẹ̀rọ bá gé lọ́wọ́, ilé ló ń lọ jókòó sí. Ẹ̀yin ní òfin tó ń gbèjà yín, ẹ sì ní fóònù lọ́wọ́. Síbẹ̀, mo ń gbọ́ pé ẹ ṣì ń wolẹ̀ bí wọ́n bá ń parọ́ mọ́ ẹnìkejì yín níbi iṣẹ́. Ẹ gbójú sókè. Ní tèmi, wọ́n ní àgbà tí kì í dárí jini kò gbádùn ayé. Mo gbádùn rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ọ̀gá yẹn kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, àwọn èèyàn rò pé mo wá bá wọn kẹ́dùn. Mo wá rí i dájú pé wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ ni.